Ìwé Tí Raheem Ṣubú Lé Lórí

Nílé-ìkàwé ìlú ní Ìkàrẹ́, yàrá kan wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ àyàfi Mọ́júbọ́lá àti àwọn aláǹgbá. Mọ́júbọ́lá pè é ní Yàrá Àwọn Àjọ Àgbáyé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní yàrá ìyàwó Raheem, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Ìwé tó ń kó jọ síbẹ̀ kì í ṣe ìwé ìtàn, kì í sì í ṣe èyí tí ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìdánwò. Ìwé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ fẹnu kò lé lórí tí àjọ wọn wá tẹ̀ jáde ni: ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti àjọ ètò ìlera, ti àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ń kọ lẹ́tà sí Jìnífà, sí Róòmù, sí Àdìs Àbábà, ó ń tọrọ ìwé kiri bí ẹni tí iná kú mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fèsì. Àwọn tó bá fèsì, inú rẹ̀ a máa dùn bíi pé ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ìdálẹ̀ dé.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ náà ni kí wọ́n fi fún aráàlú kà, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ alágbàṣe. Mọ́júbọ́lá fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn yàrá náà pé: ẸNIKẸ́NI TÓ BÁ BÉÈRÈ, A Ó FÚN UN. A KÌ Í DÁ ẸNIKẸ́NI PADÀ. Ọ̀gá rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Ìyá Bísí, ta lẹ fẹ́ dá padà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wá?" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Mọ́júbọ́lá wọ egungun, ṣùgbọ́n alágídí obìnrin ni, kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

Lọ́dún 1983, lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dìbò gómìnà, ìròyìn kan dé láti Ọ̀kà. Bàbá Adégbóyèga, tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ní Àdìs Àbábà kó tó fẹ̀yìntì, ránṣẹ́ pé páánù ilé òun ti ń jò. Ó ní páálí ìwé àjọ ni wọ́n tò sí gbogbo ìyẹ̀wù òun, kí ìyá onílé-ìkàwé tètè wá kó wọn kí òjò tó sọ wọ́n di ẹ̀kọ.

Raheem, ọkọ Mọ́júbọ́lá, ló ní píkọ́ọ̀pù. Iṣu ló fi ń kó láti Ìfíra àti Ṣósàn wá sọ́jà Ìkàrẹ́. Ọmọ Àfin ni, ọkùnrin kúkurú tó fẹ́ràn àwàdà, tí ìyàwó rẹ̀ ga jù ú lọ tí kò sì bìkítà.

"Ìyá Bísí," ó ní, "jẹ́ kí ìbò kọjá ná. Ojú ọ̀nà ò dáa."

"Ṣé òjò mọ̀ pé ìbò ń bọ̀ ni?"

Raheem rẹ́rìn-ín, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kì í bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn pẹ́.

Ó tọ́ kí n sọ bí ìlú ṣe rí lọ́sẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pariwo pé ẹgbẹ́ kejì ti kó bálọ́ọ̀tì pépà pa mọ́ sínú ilé, pé wọ́n ti ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lóru. Ẹnikẹ́ni ò rí i, gbogbo ènìyàn ló gbà á gbọ́. Àwọn géńdé wá gbé òkúta àti táyà dí ojú títì, wọ́n ń dá mọ́tò dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ èrò. Ẹni tí wọ́n bá bá yíǹkì ní ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìbò, ẹ ti mọ bí yóò ṣe rí fún un.

Ní Ọ̀kà, Mọ́júbọ́lá ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìwé tí ènìyàn bá fi ta ilé-ìkàwé lọ́rẹ, ojú onítọ̀hún ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ lù ú lóǹtẹ̀, kó tó ré kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ kankan má baà yọjú lọ́la kó ní wọ́n jí ìwé bàbá òun. Mọ́júbọ́lá ń kọ orúkọ ìwé sílẹ̀, Raheem ń bá a lu òǹtẹ̀. Páàdì ti gbẹ. Raheem da yíǹkì sí i, ó dà á jù, ó wá ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìgbà tí wọ́n fi ṣe tán, àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ti di aláwọ̀ àlùkò kanrin.

Ó nà án sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, èmi ti dìbò tèmi."

Bàbá Adégbóyèga rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. Mọ́júbọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ iṣẹ́ ìwé ni, yíǹkì kì í ṣe nǹkan tó ń kà sí lára ènìyàn.

Wọ́n kó páálí sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, wọ́n fi tapólì bò ó. Ibi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí òkè, lẹ́bàá àpáta kan, ni wọ́n ti bá àwọn géńdé náà. Táyà ń jó, èéfín rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹni tó ṣíwájú wọn ga, ó wọ ẹ̀wù ọdẹ, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òkè etí òsì rẹ̀ ti gé dànù. Wọ́n ń pè é ní Ọdẹ́yẹmí.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Kí ló wà lẹ́yìn ọkọ̀?"

"Ìwé ni, ẹ̀gbọ́n," Raheem dáhùn. "Ìwé ilé-ìkàwé."

Ọ̀kan nínú wọn gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fa tapólì ya, ó fi ẹsẹ̀ fọ́ páálí. Ìwé tú jáde. Èdìdì àjọ rí róbótó lára èèpo wọn, ìlà àti àpótí kéékèèké wà nínú wọn, níbi tí wọ́n ti to iye orílẹ̀-èdè sí. Ọmọkùnrin náà na ọ̀kan sókè.

"Bálọ́ọ̀tì pépà ni! Ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n!"

Ariwo sọ. Mọ́júbọ́lá kígbe pé, "Ẹ kà á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á!" Ta ni yóò kà á? Ọdẹ́yẹmí ò mọ̀wé, inú tó sì ń bí àwọn tó mọ̀wé níbẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n rí lẹ́tà. Ó di ọwọ́ Raheem mú, ó yí i padà. Àtàǹpàkò aláwọ̀ àlùkò ló rí. Ó gbé ọwọ́ náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Ẹ wò ó o! Ẹ wo ọwọ́ olè!"

Kùmọ̀ àkọ́kọ́ bà á ní àtàrí. Raheem kúnlẹ̀. Ó fi Yorùbá bẹ̀ wọ́n, ó dárúkọ Ọlọ́run, ó dárúkọ Bísí ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n na ẹnu rẹ̀ fọ́, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́, ó wá ń fi èdè ilé wọn ní Àfin ké pe ìyá rẹ̀. Èyí ló tún dá kún un. Wọ́n ní ẹ ò rí i, àjèjì ni wọ́n gbà láti wá bá wọn tẹ bálọ́ọ̀tì.

Ọdẹ́yẹmí wọ́ ọ dé iwájú píkọ́ọ̀pù. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná. Ó gbé àdá.

Mọ́júbọ́lá gbọ́ bí àdá ṣe dún lára irin. Igbe tí Raheem ké kò jọ ti ènìyàn. Àtàǹpàkò náà ta sílẹ̀, ó yí lọ sínú kòtò. Mọ́júbọ́lá bẹ́ lu Ọdẹ́yẹmí, ó fi eyín bu ú jẹ ní èjìká títí tó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n fi irin fọ́ ọ lápá òsì. Ó gbọ́ tí egungun ṣẹ́. Wọ́n ń gbé irin náà sókè lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí obìnrin kan tó ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Limota, ju igbá rẹ̀ nù, ó sáré wá bò ó mọ́lẹ̀, ó ń pariwo pé tí wọ́n bá fẹ́ pa á kí wọ́n pa òun mọ́ ọn. Abẹ́ Limota ni Mọ́júbọ́lá wà tó ń gbọ́ ìró kùmọ̀ lára ọkọ rẹ̀. Ó ń dún, ó ń dún, títí tí igbe ò fi sí mọ́, ó sì tún ń dún lẹ́yìn náà.

Wọ́n da pẹtiróòlù sí ìwé àti ọkọ̀, wọ́n ṣáná sí i. Òjò dé, òjò tí Mọ́júbọ́lá ń sá fún gan-an ni, ó tú wọn ká. Eérú ìwé ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Limota bá a yí Raheem padà. Lábẹ́ àyà rẹ̀ ni ìwé pẹlẹbẹ kan wà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ti já bọ́ sójú títì nígbà tí páálí fọ́, Raheem ṣubú lé e, òjò sì pa iná kó tó dé ibẹ̀. Ìwé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe lórí ẹ̀tọ́ ènìyàn ni. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ín dé ìdajì. Lójú ewé àkọ́kọ́, òǹtẹ̀ tí Raheem fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí kò mọ òǹtẹ̀ í lù.

Wọ́n wá àtàǹpàkò náà nínú kòtò títí, wọn ò rí i. Wọ́n wẹ Raheem, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín láìní àtàǹpàkò. Ẹnikẹ́ni ní Ọ̀kà ò jẹ́rìí. Gbogbo wọn ni ojú wọn wà níbòmíràn lọ́jọ́ náà.

Apá Mọ́júbọ́lá san, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ìgbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ìwé náà sórí pákó ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé ńlá tí àwọn tó bá yá ìwé ń fọwọ́ sí. Ẹni tí kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ni yóò tẹ̀ síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń nu eruku kúrò lára ìwé náà, ojoojúmọ́ ló ń retí. Ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju kí ẹnì kan ṣoṣo wọlé wá béèrè rẹ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè rẹ̀, tó ṣe é láǹfààní, Raheem ò kú lásán nìyẹn. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ̀yìntì, òun náà di ọ̀gá, Bísí wọ yunifásítì. Ojú ewé náà ṣófo síbẹ̀, ìbínú sì ń gbó nínú rẹ̀ bí ọtí.

Ayé àwọn sójà tún dé, èyí tó le jù. Wọ́n ń kó ènìyàn tì mọ́lé láìgbé wọn dé kóòtù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí Mọ́júbọ́lá nìkan wà nílé-ìkàwé, ọkùnrin àgbàlagbà kan wọlé, ó fi fìlà bo etí, òógùn bò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màámi. Wọ́n ní ibí ni mo ti lè rí ìwé kan."

"Ìwé wo ni, bàbá?"

"Èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi ṣe àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ènìyàn." Ó sọ ọ́ bí ọmọdé tó há nǹkan sórí. "Lọ́yà ọmọ mi ló ní kí n wá a. Àwọn sójà ti kó gbogbo ìwé inú ọ́fíìsì rẹ̀ lọ."

Ẹni tí Mọ́júbọ́lá ń retí ló dé yìí! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ sunkún. Ó fa àga fún bàbá náà, ó ní kó jókòó, ó bu omi fún un.

"Kí ló ṣe ọmọ yín?"

"Ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ìjọba sójà. Wọ́n wá mú un nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀taòkò lorúkọ rẹ̀. Ìbẹta ni wọ́n bí wọn, òun nìkan ló kù fún mi. Wọ́n ti lù ú débi pé ó ń tọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́la la máa dé iwájú adájọ́. Lọ́yà ní bí òun ò bá rí ìwé yẹn gbé lé tábìlì, wọ́n á gbé ọmọ náà lọ síbi tí ojú wa ò ní í tó o mọ́." Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú.

Òkè etí òsì rẹ̀ ti gé dànù.

Mọ́júbọ́lá wò ó. Ó dìde, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó mú ìwé náà kúrò lórí pákó, ó fi í sínú àpò búbà rẹ̀. Irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó mú òun náà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn àbájáde, ó rìn wá sẹ́yìn bàbá náà, ó sì fa irin náà lé e ní gbogbo agbára tó kù nínú apá ọ̀tún rẹ̀.

Ó bà á ní èjìká. Ọdẹ́yẹmí ṣubú lé tábìlì, ife omi fọ́. Kó tó gbójú sókè, ìkejì ti ba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dà bo etí tó gé náà.

"Yéè! Màámi, kí ni mo ṣe?"

"Ọ̀kà," Mọ́júbọ́lá wí. "Píkọ́ọ̀pù. Ìwé tí ẹ pè ní bálọ́ọ̀tì pépà. Raheem lorúkọ rẹ̀!"

Ó gbé apá tó wọ́ náà sókè kó rí i. Ọdẹ́yẹmí wò ó. Ó mọ̀ ọ́n. Kò gbìyànjú láti sá, kò di irin náà mú, bẹ́ẹ̀ ó lágbára jù ú lọ síbẹ̀.

"Gbé ọwọ́ rẹ lé tábìlì," Mọ́júbọ́lá wí.

Ó gbé e lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló na àtàǹpàkò síta.

"Ẹ gé e," ó ní, ó ń sunkún. "Ẹ gé e, ẹ gé apá náà mọ́ ọn. Ẹ pa mí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ẹ ṣàánú ọmọ mi, ọmọdé ni nígbà yẹn, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Mọ́júbọ́lá gbé irin náà sókè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó fẹ́ lù ú. Kò sí àánú kankan nínú rẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́ tí egungun náà máa rún, ó fẹ́ gbọ́ igbe tí kò jọ ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé náà le gbagidi láyà rẹ̀ nínú àpò. Bí ọkùnrin yìí ò bá jáde níbí, ìwé náà ń padà sórí pákó nìyẹn, sọ́dọ̀ àwọn aláǹgbá. Ta ni yóò tún béèrè rẹ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Raheem, ẹnì kan ṣoṣo náà ló ti wá.

"Nínú gbogbo ayé!" ó pariwo. "Nínú gbogbo ayé, ṣé ìwọ ni Ọlọ́run rí rán wá?"

Ó ju irin náà lu ògiri. Ó gbá Ọdẹ́yẹmí létí, ó tún gbá a, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó wò ó, ó ń mí hẹlẹ. Inú ń bí i sí Raheem pàápàá, ẹni tó kú lórí ìwé.

Ó yọ ìwé náà, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ti dúdú, ó ti gbẹ kankan. Ọdẹ́yẹmí kò béèrè ohun tó dà sí i lára.

"A kì í dá ẹnikẹ́ni padà níbí," Mọ́júbọ́lá wí. "O máa gbé e lọ. Bí kóòtù bá ti parí, o máa gbé e padà fún mi. Ṣé o mọ orúkọ rẹ í kọ?"

"Rárá, màámi."

Ó ṣí ìwé ńlá náà sí ojú ewé tó ya sọ́tọ̀. Ó ṣí páàdì. Ó ti gbẹ. Ó da yíǹkì sí i, ó dà á jù. Ó di àtàǹpàkò ọ̀tún Ọdẹ́yẹmí mú, ó rì í wọnú páàdì náà títí tí yíǹkì fi bo èékánná. Irin ò mú Ọdẹ́yẹmí gbọ̀n, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, láti èjìká wá dé ìka. Ó gbójú kúrò. Mọ́júbọ́lá dúró títí tó fi yíjú padà, ó sì tẹ àtàǹpàkò náà mọ́ ìwé.

Ọdẹ́yẹmí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ fún mi lákìísà."

"Kò sí àkísà. Ọkọ̀ Ọ̀kà wà ní gáréèjì. Máa lọ."

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọdẹ́yẹmí sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ìwé náà wà lábíyá rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń wò ó. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó ká ìka rẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò náà, ó fi í pamọ́ sínú ọwọ́ dídì.

"Má dì í!" Mọ́júbọ́lá kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "La ọwọ́ rẹ! Jẹ́ kí wọ́n rí i!"

Ọkùnrin náà dúró. Ó la ọwọ́ rẹ̀, ó na àtàǹpàkò náà síta, ó ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀ ní ìhà gáréèjì. Mọ́júbọ́lá ń wò ó títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ó padà wọlé. Ó nu ẹ̀jẹ̀ orí tábìlì, ó ṣa àfọ́kù ife, ó gbé irin padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìgbà tó wá kù kó pa ìwé ńlá náà dé, kò lè pa á dé. Lórí ojú ewé tó ti ṣófo láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Raheem láìní àtàǹpàkò, àtàǹpàkò kan ti wà níbẹ̀ báyìí.